Mo Sọ Fún Wọn Pé Ìyá Mi Ti Kú

Lọ́jọ́ tí mo sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé ìyá mi ti kú, ìyá mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Wàrí, ó ń jẹ ìrẹsì. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àbúrò mi, Ràsákì, ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ náà. Màmá di ṣíbí mú, ìborùn funfun wà léjìká rẹ̀, kò wo ojú ẹni tó ń ya fọ́tò. Mo wo fọ́tò náà nínú bọ́ọ̀sì, mo ti fóònù bọ àpò, mo wọlé lọ síbi iṣẹ́. Kí wákàtí méjì tó kọjá, mo ti pa ìyá mi.

Ó pẹ́ tí mo ti ń wá ọ̀nà tí mo lè gbà sọ ọ̀rọ̀ yìí kí ó má burú tó bẹ́ẹ̀ létí ẹni tó bá gbọ́ ọ. Mi ò rí ọ̀nà kankan. Ẹ jẹ́ kí n kàn sọ ọ́ bó ṣe rí.

Wàrí ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí mi ti wá. Bàbá mi ṣiṣẹ́ ní èbúté títí ó fi kú. Màmá ní tirẹ̀ ń ta abọ́ tánganran ní Deco Road, àwọn abọ́ funfun olódòdó tí etí wọn jẹ́ búlúù, àti kọ́ọ̀pù, àti àwo ńlá tí àwọn ìyàwó ilé fi ń gbé oúnjẹ fún àlejò. Ìyá Alábọ́ ni gbogbo ẹni ń pè é. Bí oníbàárà bá gbé abọ́ kan, Màmá á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á fi èékánná kàn án, á tẹ́tí sí i, á ní, “This one good,” tàbí, “Leave am, e get wound.” Pijin tirẹ̀ máa ń pa àwọn oníbàárà lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tó bá ti délé, Yorùbá nìkan ni. Ó máa ń sọ pé òun fi Pijin sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà òun. Àwa ọmọ á gbọ́ Yorùbá náà dáadáa, a ó sì fi Pijin dá a lóhùn.

Nígbà tí mo dàgbà, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo lọ. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù níbẹ̀ kì í ṣe òtútù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní Wàrí, kí o tó rìn dé oríta, wọn á ti kí ọ, wọn á ti bú ọ, wọn á sì ti mú ọ rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo dé ibùdókọ̀, mo kí gbogbo àwọn tó dúró síbẹ̀ pé ẹ káàárọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin kan bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń dúró láìsọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní Alzheimer's ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àìsàn tó ń jẹ ìrántí ènìyàn díẹ̀díẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ igi. Wọ́n ní kí n máa pe àwọn arúgbó náà lórúkọ. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dórótì, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kúnlẹ̀ kí i, ó bi mí pé kí ló bọ́ lọ́wọ́ mi sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi wá a lábẹ́ àga. A jọ wá a títí. Kò sí ohun tó bọ́.

Bóyá ohun tí ọ̀gá wa obìnrin, Líńdà, rí lọ́jọ́ náà nìyẹn, nítorí kò pẹ́ tó fi gbé eré ọ̀sán lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, èmi ni mo máa ń kó àwọn arúgbó náà jọ sí pálọ̀. A ó ju bàlúùnù sí ara wa, a ó kọrin àtijọ́ wọn, a ó gbin òdòdó sínú ìkòkò. Aṣọ ni Dórótì ń rán nígbà tí ara rẹ̀ le. Mo wá bọ́tìnnì oríṣiríṣi sínú agolo kan, mo dà á síwájú rẹ̀. Obìnrin tí kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, dúdú sí dúdú, funfun sí funfun, ó ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan, ó mú ọ̀kan fún mi. Ó ní kí n fi rán ẹ̀wù mi, kí n má baà máa rìn bí ọmọ tí kò ní ẹni. Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo jó fún ayọ̀.

Wọ́n kọ́ wa níbẹ̀ pé a kì í da ìbéèrè bo ẹni tó ní àìsàn yìí. A kì í sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Ibi tó bá ń lọ nínú ọkàn rẹ̀ ni kí ènìyàn bá a lọ. Mo mọ̀ ọ́n ṣe débi pé èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun.

Gbogbo àsìkò yẹn náà ni àìsàn yìí ń wọlé sára ìyá mi.

Lórí fóònù ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Màmá á bi mí pé ṣé mo ti jẹun, n ó ní mo ti jẹun, á ní kí n bá òun kí Ràsákì, bíi pé Ràsákì kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á tún bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní àgbà ni. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Ràbí, orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ràsákì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì sọ orúkọ àìsàn náà fún un. Ó pè mí, ó ní, “Sister, you sabi this matter pass us. Wetin make we do?”

Mo ní kí wọ́n máa fún un ní èso jẹ. Mo ní iṣẹ́ ń dúró dè mí, mo pa fóònù.

Lọ́jọ́ Iléyá, Ràsákì gbé fóònù síwájú Màmá kí a lè rí ojú ara wa. Gbogbo ilé péjọ sẹ́yìn rẹ̀: Ràsákì, ìyàwó rẹ̀ Efe tó jẹ́ ọmọ Urhobo, àti Àmínà ọmọ wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà. Màmá wọ léèsì aláwọ̀ ewé. Ó rẹwà. Ó wò mí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó jókòó tì wá nínú ọkọ̀.

Mo ní, “Màmá, ẹ wò mí dáadáa. Ta ni mí?”

“Ẹ̀yin náà ni,” ó ní. “Ẹ kú ọdún o.”

“Orúkọ mi ńkọ́?”

Ó wo Ràsákì. Ràsákì fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní kó dákẹ́. “Màmá, ẹ sọ orúkọ mi. Ọmọ mélòó lẹ bí? Ta ni àkọ́bí yín?”

Mò ń bi í bí ọlọ́pàá. Ojú rẹ̀ dàrú. Ó pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó sì tẹrí ba fún mi. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣàánú mi.”

“Ẹ̀yin” ló pè mí, bí àlejò. Èmi tó bí, èmi tó pọ̀n láti Deco Road délé nínú òjò. Dípò kí n rẹ ara mi sílẹ̀, mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní, “Èmi ọmọ yín nìyí! Ẹ wò mí!” Àmínà bú sẹ́kún. Ràsákì gba fóònù, ó ní, “Sister, e don do.”

Láti ọjọ́ náà, oṣù méje ni mi ò fi gbọ́ ohùn ìyá mi. Tí Ràsákì bá pè, n ó jẹ́ kó dún títí, lẹ́yìn náà n ó kọ̀wé sí i pé mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Òótọ́ ni, mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Mò ń ju bàlúùnù.

Àárín oṣù méje yẹn ni Líńdà dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ tó ń wò wá. Nígbà tí eré parí, ó ní kò sí ẹni tó mọ ọwọ́ àwọn arúgbó wọ̀nyí bí èmi. Ó ní, “Ìyá rẹ mà jèrè ọmọ o. Ta ló ń tọ́jú òun nílé?”

Mo mọ ohun tó kàn. Yóò bi mí nípa rẹ̀, n ó sọ pé àìsàn yìí kan náà ló ń ṣe é, yóò bi mí pé ìgbà wo ni mo pè é gbẹ̀yìn. Mo ní, “Ó ti kú.”

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn ju bó ṣe yẹ lọ. Líńdà dì mọ́ mi. Ó ní kí n lọ sinmi fún ọjọ́ méjì. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti ra òdòdó, wọ́n ti kọ káàdì ìbánikẹ́dùn tí gbogbo wọn fọwọ́ sí, kódà wọ́n di Dórótì lọ́wọ́ mú láti fa ìlà kan sí i. Wọ́n ṣe kéèkì. Mo jẹ ẹ́.

Mo ti rò ó wò. Ní Wàrí, mi ò ní lè sọ ọ́. Bí mo bá kọjá ní Deco Road, ẹnìkan á pè mí ní ọmọ Ìyá Alábọ́, ẹlòmíràn á ní kí n kí Màmá fún òun. Gbogbo ojú pópó ni ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ìyá ẹni, tí wọn ò mọ ìrìn rẹ̀ tàbí ohùn rẹ̀, ó rọrùn láti pa á. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú náà, mo ń sunkún pé kò sí ẹni tó mọ̀ mí. Nígbà tó yá, mo rí i pé mo ti ń gbádùn rẹ̀.

Efe ló mú mi padà sílé. Kì í pè mí tẹ́lẹ̀, ó ka mí sí àgbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, “Aunty, good afternoon. No vex say I dey disturb you. Mama don forget Pidgin finish. Na only Yoruba remain, and me I no sabi. Abeg, how una dey take say, come make we go baff?”

Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè. Kò bi mí pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ló ń wá. Obìnrin tí kì í ṣe ẹ̀yà wa, tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, fẹ́ kọ́ èdè tí ìyá mi fi tọ́ mi, èyí tí èmi ń fi Pijin dáhùn. Mo fi ohùn ránṣẹ́ padà: “Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ wẹ̀.” Mo rọra pè é, kó lè dá a mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó béèrè bí a ṣe ń sọ pé ṣé ó ń dùn yín. Lọ́jọ́ kẹta, ó béèrè bí a ṣe ń sọ pé ẹ má bẹ̀rù. Ìyẹn ni mi ò lè pè tán. Mo lọ bá Líńdà, mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní mo fẹ́ lọ sí sàárè ìyá mi.

Màmá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Ó ti rù. “Ẹ káàbọ̀,” ó ní, “ẹ jókòó, àwọn ará ilé ò tíì dé.” Mo dọ̀bálẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, èmi obìnrin. Ó ní kí n dìde, kí aṣọ mi má baà dọ̀tí.

Ṣé ẹ rò pé mo ti gbọ́n? Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti gbé àwọn fọ́tò àtijọ́ síwájú rẹ̀. “Màmá, ta nìyí? Èyí ńkọ́?” Ó ń wo ọwọ́ mi, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Efe jáde láti ilé ìdáná, ó gba fọ́tò náà lọ́wọ́ mi wẹ́rẹ́. Ó ní, “Aunty, no dey ask am question. Question dey fear am.”

Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun gan-an nìyẹn. Efe, tó ń ta bísíkíìtì kí Màmá tó ṣàìsàn, ló wá ń kọ́ mi.

Nígbà tí wọ́n kírun ìrọ̀lẹ́ tán, Efe kó abọ́ jáde. Àwọn abọ́ Màmá ni, èyí tó ṣẹ́ kù nínú ọjà rẹ̀. Efe ní ọjọ́ kan ni ọ̀kan já bọ́ ní ilé ìdáná, tí Màmá tó ti jókòó gẹlẹtẹ láti àárọ̀ fò dìde, ó sáré wá kàn án, ó tẹ́tí sí i. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń ṣeré abọ́. Wọ́n tẹ́ ẹní. Àmínà kó gbogbo abọ́ náà dàrú. Màmá pòṣé, ó fa ẹní mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n, ńlá sí ìsàlẹ̀, kékeré sí òkè, olódòdó sí olódòdó. Ó ń nù wọ́n, ó ń kàn wọ́n. Tó bá kan ọ̀kan, Àmínà á ní, “Mama, e good?” Màmá á ní, “Ó dáa,” tàbí, “Ó ti họ.” Àmínà á tún un pè, “Ó ti họ!” Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí Màmá tò ó tán, Àmínà tún dà á rú, Màmá sì tún bẹ̀rẹ̀, bíi pé ọjà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé.

Mo jókòó sórí àga bí àlejò. Ayọ̀ náà kò nílò mi. Ẹ̀mí mi fẹ́ wọ ibẹ̀, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Àmínà ló wá fà mí. “Aunty, come be customer.”

Mo kúnlẹ̀ sí etí ẹní náà. Màmá gbé abọ́ kan fún mi, ó sì rí orí mi. Mo ti ṣí wíìgì mi nítorí ooru. Ó gbé abọ́ sílẹ̀.

“Irun wo rèé?” ó ní. “Ìyá rẹ ò ní òòyà nílé ni?”

“Ìwọ” ló pè mí, kì í ṣe “ẹ̀yin” mọ́. Ó ní kí Àmínà lọ mú òòyà wá, ọmọ náà sì gbọ́. Ó gbé orí mi sáàárín itan rẹ̀, ó pín irun mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọwọ́ yẹn ò gbàgbé nǹkan kan. Ó fà á le bó ṣe máa ń fà á nígbà tí mo wà ní pírámárì, nígbà tí mo sì yí orí, ó gbá mi léjìká.

“Ìyá rẹ ńkọ́?” ó ní. “Ṣé ó wà láyé?”

Efe ń wò mí. Kò gbọ́ èdè náà. Mo ní, “Ó wà láyé, Màmá.”

“Ṣé o máa ń kí i?”

“N kì í kí i.”

“Ó ṣẹ̀ ọ́ ni?”

“Rárá. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, “Ha. Lọ bẹ̀ ẹ́. Ìyá…” Mo dúró kó parí rẹ̀. Mi ò tíì dúró de ọ̀rọ̀ kankan bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo òòyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo orí mi, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í di irun. Ẹ̀gbẹ́ kan ló dì tán. Ó rẹ̀ ẹ́, ó sì lọ sùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbé orí tí a di ìdajì rẹ̀ kiri títí di ọjọ́ kejì. Efe fẹ́ bá mi parí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo kọ̀.

Ní ilé ìdáná lọ́jọ́ kejì, níbi tí a ti ń gé ilá, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Efe, títí dórí kéèkì. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó wo ìta, níbi tí Màmá ti ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín.

“So oyinbo don bury Mama finish,” ó ní, “and Mama dey here dey chop dodo.”

Ẹ̀rín pa wá débi pé Ràsákì wá yọjú. Àárín ẹ̀rín náà ni ẹkún ti já lù mí. Efe kò ní kí n má sunkún. Ó gé ilá rẹ̀ tán, lẹ́yìn náà ó ní, “When you reach there, go raise am up.”

Mo jí i dìde lóòótọ́. Ọjọ́ tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́ ni mo bá Líńdà nínú ọ́fíìsì rẹ̀, mo sọ òótọ́ fún un. Ó gbọ́ mi dópin. Mo rò pé yóò pariwo. Ó kàn sọ pé gbogbo ọjọ́ Sunday ni òun ń tan àbẹ́là fún ìyá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, kò wo ojú mi, àwọn tó kù náà ò sì bá mi ṣeré mọ́. Mo gbà á. Ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ pa ìyá rẹ̀ kò lè ní kí àwọn tó bá a ṣọ̀fọ̀ máa jó. Líńdà ti ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ohunkóhun nípa ilé, mo máa ń rí i tó ń wọ̀n ọ́n wò kó tó gbà á gbọ́.

Ojoojúmọ́ ni mo ń pe Wàrí báyìí, nígbà tí wọ́n bá tẹ́ ẹní. Efe á gbé fóònù ti àwo ńlá kan. Mo ra kọ́ọ̀pù mẹ́fà níhìn-ín, mo máa ń gbé wọn sún mọ́ fóònù, n ó fi èékánná kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, Màmá á tẹ́tí sí i. “Ó dáa.” “Ìyẹn ti sán, dá a padà fún wọn.” Mi ò bi í ní ìbéèrè. Kò pe orúkọ mi rí láti ìgbà náà, mi ò sì rò pé yóò tún pè é mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a ṣeré tán, Màmá fi ìka kan gbogbo ojú fóònù náà, ó yíjú sí Efe, ó sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Yorùbá Efe kò tíì tó ìyẹn.

“Aunty,” Efe ní, “wetin Mama talk?”

Mo kọ́kọ́ fẹ́ pa irọ́ fún un. Mo ti mọ irọ́ pa. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. “She say the person wey dey inside this phone no dey forget am. Say e never forget am one day.”

Efe ló mọ oṣù méje náà ju ẹnikẹ́ni lọ, òun ló ru ẹrù wọn. Mo ń gbọ́ ohùn ọ̀kadà lójú pópó lẹ́yìn wọn, àti Àmínà tó ń kó abọ́ jọ.

“Tell am say na true,” ni Efe wí.

Ojú tì mí. Ara mi kọ̀ ọ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo sún mọ́ fóònù. Mo ní, “Òótọ́ ni, Màmá.”

“Mo mọ̀,” ó ní.